Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin tó ní fòníkú-fọ̀ládìde kì í sọ fún ẹnikẹ́ni

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, ọmọ àbúrò ìyá mi. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ẹ má sọ fún mọ́mì."

Mo rò pé kíráísìsì ni. SS ni, gbogbo ilé ló mọ̀. Láti kékeré la ti máa ń sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Mo bi í pé ṣé egungun ni, àbí àyà. Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Nǹkan ọmọkùnrin mi ló dìde láti aago mọ́kànlá alẹ́ àná. Kò wálẹ̀. Ó ń dùn mí bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ́."

Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Yábàá, kò sì jí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó rọra wọ balùwẹ̀, ó da omi tútù sí i, ó gbàdúrà, ó lo pàrásítámọ̀ méjì, ó gbìyànjú láti sùn. Ó wá a lórí Google, ó sì pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí ẹnì kan má baà rí i lórí fóònù òun.

Nígbà tá a dé ọsibítù, obìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì béèrè pé kí ló ń ṣe é. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa. Àbúrò mi wò mí lójú, ó ní, "Inú rírun ni." Irọ́ kékeré yẹn gba wákàtí méjì míì lọ́wọ́ wa lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí òótọ́ wá jáde, nọ́ọ̀sì kan pe ẹnì kejì ẹ̀ kó wá wo ohun tí ojú òun rí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ní ká lọ san owó àsansílẹ̀ ná. Kó tó di pé dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe fọwọ́ kàn án, ó ti lé ní wákàtí mẹ́wàá.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ọmọ ọdún 26 ni. Nǹkan náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, dókítà sì ti sọ fún un pé ó lè má padà sí bó ṣe wà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, bí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹlòmíì lè tètè jí èèyàn."

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni priapism. Kì í ṣe ìṣekúṣe, kì í ṣe mágùn, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú ara ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ládìde, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó rí roboto kó sì rọ̀, máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á sì le. Ibi tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bá ti tóóró ni wọ́n ti máa ń há síra wọn. Bó bá há nínú egungun, ìrora egungun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Bó bá há nínú ẹ̀dọ̀fóró, àyà á máa dùn ún, èémí á máa ṣòro fún un. Bó bá há nínú nǹkan ọmọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ ibẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹran ara ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀ torí pé kò rí ọ́síjìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka wákàtí. Bó bá ti tó wákàtí mẹ́rin, pàjáwìrì ni, bí ìgbà tí mọ́tò gbá èèyàn.

Kì í sì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìwádìí tó ti jáde gbé e sí nǹkan bí ọkùnrin kan nínú mẹ́ta tó ní àìsàn yìí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé, tàbí nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà. Òru àti ìdájí ló sábà máa ń dé. Nígbà míì á wá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á lọ, á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó ń wá tó ń lọ yẹn ni ìkìlọ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kéèyàn ti sọ fún dókítà, kí èyí tó máa pẹ́ tó dé.

Àbúrò mi jẹ́wọ́ fún mi pé ó ti tó ọdún méjì tó ti ń wá tó ń lọ lára òun. Láàárín ọdún méjì yẹn, kì í pa ọjọ́ kílíníìkì jẹ. Wọ́n ń béèrè egungun ẹ̀, wọ́n ń yẹ ojú ẹ̀ wò bóyá ó pọ́n bí ìyeyè, wọ́n ń fún un ní fólíìkì ásíìdì. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Òun náà kò sì sọ.

"Jẹnótáìpù ẹ ńkọ́?"

Ká sọ tòótọ́, kí la máa ń sọ nípa SS láàárín ara wa? Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè èsì àyẹ̀wò, àwọn òbí ń béèrè, ọ̀rẹ́ ń béèrè kó tó di pé ẹ jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Nǹkan bí èèyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, iye ọmọ tí wọ́n sì ń fojú bù pé à ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún tó 150,000. Kò sí orílẹ̀-èdè míì láyé tó jù wá lọ nínú ìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dún létí ẹni tí wọ́n ti bí. Gbogbo ohun tá à ń sọ dá lórí bí irú ẹ̀ kò ṣe ní wáyé mọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ bí òun tó ti wáyé ṣe máa gbé ilé ayé. Ọmọkùnrin tó bá dàgbà sínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ìnáwó lòun jẹ́. Owó dírípù, owó ẹ̀jẹ̀, owó mọ́tò, oorun tí ìyá ẹ̀ kò sùn. Ṣé òun ló wá máa sọ pé ó tún ku ọ̀kan, pé abẹ́ ṣòkòtò ló kàn?

Ọkùnrin tún ni. A ti sọ fún un pé akọ kì í sunkún. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15, ó dà bí ọmọ ọdún 11, torí àìsàn yìí máa ń jẹ́ kí ìbàlágà pẹ́. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì títí ó fi sú u. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù parí. Kò lè bá wọn gbé jẹnẹrétọ̀. Níbi iṣẹ́, kò sọ jẹnótáìpù ẹ̀ fún ọ̀gá, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Nígbà tó rí ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀, àwọn òbí ọmọ náà ní àwọn ò ní fi ọmọ àwọn fún ẹni tó máa sọ ọ́ di opó. Ohun kan tó kù tó gbà pé òun fi jẹ́ ọkùnrin bí àwọn ẹgbẹ́ òun ló ń dà á láàmú lóru ọjọ́ yẹn. Ta ló fẹ́ kó sọ ọ́ fún?

Mo rò pé èmi ló yẹ kó sọ ọ́ fún. Mo bi í lẹ́yìn tó kúrò ní ọsibítù pé kí ló dé tí kò pè mí láago méjìlá òru, àní láago kan. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá rán mi létí ọjọ́ kan tá a jókòó síbi tá a ti ń jẹ ẹja yíyan, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi, òun náà sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan sọ ìtàn ọkùnrin kan tí tiẹ̀ dìde tí kò wálẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín jù, ẹ̀gbọ́n mi." Òótọ́ ni. Mo rántí. Mo tún fi àwàdà tèmi kún un.

Torí náà, mi ò kọ èyí láti fi bú nọ́ọ̀sì méjì yẹn nìkan.

Nígbà tí ìyá ẹ̀ wá gbọ́ níkẹyìn, àdúrà ọjọ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ wádìí ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Mi ò bú àdúrà. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á nínú mọ́tò tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Òfin wà, ìtìjú ló borí ẹ̀

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. National Health Act ti ọdún 2014 sọ ọ́ ní abala 20 pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ọsibítù tó gbọdọ̀ kọ̀ láti fún èèyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe àwáwí. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Abala 26 nínú òfin kan náà sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn. Lójú tèmi, ẹni tó pe ẹnì kejì ẹ̀ wá wòran kò ka abala 26. Ẹni tó ní ká lọ sanwó ná, nígbà tí wákàtí ń lọ mọ́ ọmọ lórí, kò ka abala 20.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: ta ló fẹ́ gbé ọsibítù lọ sí kóòtù nílùú yìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo ka òfin náà kò gbé wọn lọ. Àbúrò mi kò fẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ òun sétígbọ̀ọ́ adájọ́, akọ̀wé àti èrò kóòtù. Ẹ wá wò ó: òfin wà, ẹ̀tọ́ wà, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà ni kò lè la ẹnu sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Síbẹ̀, kò dìgbà tá a bá dé kóòtù kí òfin tó wúlò. Ó wúlò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń jẹ̀rora kò ní lè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn ni, ohun tí mi ò bá sọ níbi káàdì kò ju báyìí lọ, láìpariwo: "SS ni. Priapism ni. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́rin. Pàjáwìrì ni." Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Ẹni tó ti là á kọjá

Ohun tó gbé àbúrò mi dìde kì í ṣe òfin, kì í sì í ṣe èmi. Oṣù mẹ́ta ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Dókítà kan ló wá bi í bóyá ó máa fẹ́ bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, SS lòun náà, ó níyàwó, ó bímọ. Wọ́n pàdé ní bùkátéríà kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀fadà. Ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ sọ tiẹ̀: pé ọmọ ọdún 22 lòun nígbà tó ṣẹlẹ̀ sóun, pé òun rò pé ayé òun ti parí, pé ìtọ́jú ṣì wà, pé ìyàwó òun mọ gbogbo ẹ̀ kó tó fẹ́ òun. Kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Àbúrò mi padà sílé, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá.

Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tóun ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tóun máa bá ọkùnrin SS tó dàgbà ju òun lọ sọ̀rọ̀. Ó ní òun rò pé wọn kì í dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ni.

Ìrànlọ́wọ́ tí mò ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe pé a ò ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Sickle Cell Foundation Nigeria ti wà láti ọdún 1994, ibùdó wọn sì wà ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ní òdìkejì LUTH. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tún wà káàkiri. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìpàdé tí mo ti bá àbúrò mi lọ, àwọn ìyá ló pọ̀ jù, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ló tẹ̀ lé wọn. Àwọn bàbá kò wá. Àwọn ọmọkùnrin tó wá, ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Ta ló fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ nǹkan ọmọkùnrin lójú ìyá ọlọ́mọ? Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ọkùnrin nìkan, kí àgbà kan tó ti là á kọjá jókòó síwájú, kó kọ́kọ́ sọ tiẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni lówó gọbọi.

Bí àìsàn yìí ṣe wọnú ìwé ìṣègùn òyìnbó gan-an, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sọ̀rọ̀ ni. Ní 1910, dókítà James Herrick tó wà ní Chicago kọ̀wé nípa aláìsàn kan, Walter Clement Noel, ọmọ Grenada tó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín l'Amẹ́ríkà. Nílẹ̀ àjèjì, ó wọ ọsibítù, ó ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n sì rí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀. Ẹnì kan sọ̀rọ̀, àwọn kan sì gbọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ ìwọ ni

Bọ̀ọ̀dá tó ń ka èyí níkọ̀kọ̀, ìwọ ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá dé, má dúró de àárọ̀. Lọ tọ̀. Mu omi dáadáa. Rìn, tàbí kó o gun àtẹ̀gùn lọ gun àtẹ̀gùn bọ̀. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Lo oògùn ìrora tí dókítà ẹ fọwọ́ sí. Má fi yìnyín tàbí omi tútù sí i, torí òtútù lè mú kó burú sí i. Má mu ọtí, má mu páràgà. Bó bá ti ń tó wákàtí méjì tí kò wálẹ̀, bọ́ sọ́nà ọsibítù ńlá, kó o sì jí ẹnì kan kó tẹ̀ lé ẹ. Má jẹ́ kó bá ẹ nílé ní wákàtí kẹrin. Lọ́sibítù, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀ jáde, kí wọ́n sì fún ẹ ní oògùn tó máa jẹ́ kó wálẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tètè ṣe é tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ iwájú ẹ ṣe máa dáa tó.

Bó bá jẹ́ èyí tó ń wá tó ń lọ, sọ ọ́ fún dókítà ní ọjọ́ kílíníìkì tó ń bọ̀. Bí ojú bá ń tì ẹ́, kọ ọ́ sórí ìwé, kó o fi lé e lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ hydroxyurea lò ń lò, tó o sì ń ronú àtibímọ, béèrè ìyẹn náà, torí oògùn yẹn lè dín iye àtọ̀ kù. Ṣùgbọ́n má ṣe dá a dúró fúnra ẹ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ sọ fún ọmọ yín kó tó bàlágà, kó má baà jẹ́ pé Google ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ bi wọ́n. Ìbéèrè kan ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó sọ jẹnótáìpù ẹ̀ fún yín kábàámọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tára yín le, ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù tó sún mọ́ yín kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ yín, torí kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe àwàdà. Ẹ ò mọ ẹni tó jókòó ti yín.

Àbúrò mi ti sọ fún àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gbé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìgbà tóun fi ń bẹ̀rù ẹ̀ ló pẹ́. Lóṣù tó kọjá, láago méjì òru, ó jí ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn ilé wọn lókè sódò nínú òkùnkùn, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó ń mu omi. Ó wálẹ̀ kó tó pé wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo tètè jí èèyàn."